Ìtọ́jú ìfúnpá gíga inú agbárí láìsí iṣẹ́ abẹ

Ìtọ́jú ìfúnpá gíga inú agbárí láìsí iṣẹ́ abẹ ni lílo oògùn, àdínkù ìwọ̀n ara àti àyẹ̀wò ojú lóòrèkóòrè láti dín agbára omi tó yí ọpọlọ ká kù, kí ìríran aláìsàn má baà bàjẹ́. Ìfúnpá yìí lè ti ara kókó inú ọpọlọ tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì wá, ìyẹn sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Irú tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín ni èyí tí àwòrán ọpọlọ kò fi okùnfà kankan hàn, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní idiopathic intracranial hypertension. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó sanra ni ó máa ń mú jù.

Ipa rẹ̀ lórí ìríran

Egungun agbárí kò lè fẹ̀. Awọ tó bo ọpọlọ ni ó tún bo iṣan ìríran títí dé ẹ̀yìn ẹyinjú, nítorí náà bí omi náà ti ń fún ọpọlọ ni ó ń fún iṣan yìí. Orí iṣan náà á wú. Wíwú yìí ni à ń pè ní papilledema, dókítà sì lè rí i bí ó bá tan iná wo inú ojú. Ojú aláìsàn lè ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tó dìde. Ó sì lè máa rí ohun kan ṣoṣo ní méjì.

Ẹ̀gbẹ́ ìríran ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, àárín a sì wà digbí. Ẹni tó ń ka lẹ́tà tó kéré jù lára pátákó àyẹ̀wò lè ti pàdánù púpọ̀ nínú ohun tó yẹ kí ó rí lápá ọ̀tún àti òsì, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀. Orí fífọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n ewu: ó lè rọlẹ̀ nígbà tí iṣan ìríran ṣì ń kú lọ.

Ìtọ́jú

A kọ́kọ́ máa ń dá oògùn tó lè fa ìfúnpá náà dúró, bí tetracycline àti àwọn tó ní fítámì A púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, àdínkù ìwọ̀n ara ni ó sún mọ́ gbòǹgbò àìsàn náà jù lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2010, àwọn obìnrin 25 jẹ oúnjẹ kálórì 425 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta lábẹ́ ìṣọ́ àwọn oníṣègùn; ìfúnpá inú agbárí wọn wálẹ̀, orí fífọ́ àti wíwú iṣan sì dínkù. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá ṣe nílé.

Oògùn tí a ń lò jù ni acetazolamide, tó ń dín omi ọpọlọ tí ara ń ṣe kù. Ìwádìí kan ní Àríwá Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2014, pín aláìsàn 165 tí ìríran wọn kò tíì bàjẹ́ púpọ̀ sí ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn ni a fún ní ètò oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré. Apá kan lo acetazolamide tó lè dé gíráàmù 4 lójúmọ́, apá kejì lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ààyè ìríran àwọn tó lo oògùn sunwọ̀n sí i ní decibel 1.43, ti àwọn yòókù sì jẹ́ 0.71. Oògùn yìí máa ń mú kí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ta bí ẹni pé a ń fi abẹ́rẹ́ gún un, adùn ọtí ẹlẹ́rìndòdò a yí padà lẹ́nu, ó sì lè fa òkúta inú kíndìnrín.

Fífi abẹ́rẹ́ fa omi náà kúrò ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lè mú ara fúyẹ́, àmọ́ ara ń ṣe nǹkan bí mílílítà 500 rẹ̀ lójúmọ́. Ohun tí a fà yóò padà láàrin wákàtí díẹ̀. Bí ààyè ìríran bá ń yára dínkù, oògùn nìkan kò tó mọ́, iṣẹ́ abẹ ni ó kù. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ààyè ìríran, níbi tí aláìsàn ti ń tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tó bá rí iná kékeré kan, fi jẹ́ apá kan ìtọ́jú náà, tí a sì ń ṣe é lásìkò àní nígbà tí orí kò bá fọ́ mọ́.