Láti Kíjìpá dé Òkìríkà: Ìtàn Oge Olówó Pọ́ọ́kú Láàárín Àwọn Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí á tó kí ènìyàn. Àwọn Yorùbá kan náà ni wọ́n sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Òwe kìíní gbà pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà, pé ìmúra ni ó ń ṣáájú ènìyàn dé àwùjọ. Òwe kejì kìlọ̀ pé iye owó aṣọ kì í ṣe òṣùwọ̀n ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ìbéèrè tí ó jẹ wá lógún wà: báwo ni ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ṣe ń múra tí àwùjọ fi ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀?

Bí a bá mẹ́nu ba fífi owó díẹ̀ ṣe oge lóde òní, òkìríkà ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé ìṣẹ́ ni ó bí àṣà náà, pé ìgbà tí náírà ṣubú ni ọmọ Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ti ń wọ àwọ̀kù. A kò fara mọ́ èrò yìí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé, láti ayébáyé, ọwọ́ tí ó tún aṣọ dá ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀ṣọ́ láàárín wa: ọwọ́ tí ó pa á láró, tí ó gé e, tí ó sì so ó pọ̀ mọ́ òmíràn. Bí aṣọ náà ti jẹ́ tuntun tó kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. A óò sì fi hàn pé èdè wa pa ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí mọ́, bí àwọn tí ń sọ èdè náà tilẹ̀ ti ń gbàgbé rẹ̀.

Kíjìpá, Òfì àti Àkísà

Òwe kan wà tí ó kó ìtàn ìmúra wa sínú gbólóhùn mẹ́ta: kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, òfì ni aṣọ àgbà, àgbà tí kò ní òfì, kí ó rọ́jú ra kíjìpá. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń hun kíjìpá nínú ilé lórí òfì tí a gbé nàró, òwú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ran ni wọ́n sì fi ń hun ún. Aṣọ náà nípọn, kì í sì í tètè gbó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pè é ní aṣọ ọ̀lẹ, nítorí pé ẹni tí ó bá ní ọ̀kan lè pẹ́ kí ó tó wá òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí apá ìkẹyìn òwe náà. Kò pàṣẹ fún àgbà pé kí ó lọ jẹ gbèsè nítorí òfì. Ohun tí ó sọ ni pé kí ó rọ́jú, kí ó sì fi èyí tí agbára rẹ̀ ká bo ara rẹ̀.

Òfì tí ó jẹ́ aṣọ àgbà pàápàá, aṣọ alásopọ̀ ni. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì mẹ́rin lọ. Wọn a gé e sí ọ̀gbọọgba, wọn a sì rán an pọ̀ kí ó tó di ìró, agbádá tàbí dàńdóógó. Aṣọ tí a bá rán pọ̀ báyìí ṣeé tú. Bí ibì kan bá ya, a lè yọ èyí tí ó ya kí á sì fi òmíràn dípò rẹ̀. Bí agbádá bàbá bá ti lọ ní ìsàlẹ̀, a lè rí gèlè tàbí fìlà yọ nínú èyí tí ó kù. Iṣẹ́ ọnà ọrùn ẹ̀wù náà kì í bá ẹ̀wù kú: bí ẹ̀wù bá gbó, a máa ń gé iṣẹ́ náà kúrò, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀wù tuntun. Aláàárì tí a ń fi yangàn kò yàtọ̀. Òwú sílíkì pupa tí a fi hun ún láyé àtijọ́, èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn òwúsẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni púpọ̀ nínú rẹ̀, tí àwọn oníṣòwò kó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Àṣẹ́kù ẹlòmíràn ni àwọn ahunṣọ wa sọ di aṣọ ọlọ́lá.

Ọ̀rọ̀ àkísà tún yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Nígbà tí Yorùbá sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ohun ìní ni wọ́n ka àkísà sí, ẹ̀rí pé ẹni náà ti pẹ́ láyé. Àkísà ni a ń rí tẹ́ sábẹ́ ìkókó nítorí pé ó ti rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù lọ ni ẹ̀kú egúngún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kú ni a fi oríṣiríṣi aṣọ rán pọ̀, òfì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrán, tẹ́rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ òkèèrè. Bí ọdún ti ń yípo ni ẹbí ń fi aṣọ mìíràn kún un. Aṣọ tí ó gbó a wà nísàlẹ̀, tuntun a wà lókè, gbogbo rẹ̀ a sì di ọ̀kan ṣoṣo. Bí ará ọ̀run bá lè wọ aṣọ alẹ̀pọ̀ jáde kí gbogbo ìlú sì máa wárí fún un, a jẹ́ pé ìlẹ̀pọ̀ kì í ṣe àmì òṣì.

Aró: Ọ̀nà Ìsọdọ̀tun

Ní ìparí ọdún 1825, nígbà tí Hugh Clapperton gba Ìjànà kọjá lọ sí Ọ̀yọ́, ó rí àwọn ahunṣọ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì rí ilé aró mẹ́ta tí ìkòkò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní ogún. Ó ṣe àkíyèsí pé obìnrin ni aláró. Ẹ̀rí yìí jẹ́ kí á mọ̀ pé iṣẹ́ aró ti di iṣẹ́ ńlá kí òwò òyìnbó tó gbilẹ̀ ní àárín ilẹ̀ wa. Ọ̀nà méjì ni aró ń gbà ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò lówó. Ó ń sọ aṣọ funfun lásán di aṣọ ọ̀ṣọ́. Bí aṣọ náà bá sì ṣá, a tún lè rì í bọ inú ìkòkò kí ó padà dú bí ọ̀tun. Ẹni tí ó ní aṣọ kan, tí ó sì mọ ilé aláró, aṣọ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Nígbà tí aṣọ ilé-iṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé, pàápàá lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin so Èkó pọ̀ mọ́ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ní 1901, tẹ́rú di ohun tí tálákà lè rà. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kò wọ̀ ọ́ bí wọ́n ti rà á. Wọ́n fi ìko di í, ó di àdìrẹ oníko. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ká a, ó di alábẹ́rẹ́. Wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i lára, ó di ẹlẹ́kọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n gé páànù sí oríṣiríṣi àwòrán, wọ́n sì ń ti inú rẹ̀ fi ẹ̀kọ tẹ aṣọ. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwòrán ọba àti ayaba bọ́ sórí àdìrẹ. Èyí fi hàn pé àwọn aláró ń fi ojú sí ohun tí ó ń lọ láyé, wọ́n sì ń sọ ọ́ di oge.

Iṣẹ́ náà kò lọ láìsí ìjà. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀-ajé ayé dẹnu kọlẹ̀, àwọn aláró Abẹ́òkúta ń lo kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó láti dín ìnáwó àti wàhálà eérú àti ẹ̀lú kù. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de ìlò wọn, wọ́n ní wọ́n ń ba ọjà jẹ́. Àwọn aláró fárígá, ní 1936 ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni bí aṣọ yóò ṣe dára tí kò sì ní wọ́n. Ìbéèrè kan náà ni a ṣì ń bi ara wa lónìí.

Telọ, Sárò àti Ẹ̀wù Ìbílẹ̀

Àwọn Sárò tí wọ́n ti Freetown padà wá sílé láti nǹkan bí ọdún 1839, àti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé, ni wọ́n mú kí kóòtù, gáùn àti iṣẹ́ telọ tàn kálẹ̀ ní Èkó àti Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí aṣọ òyìnbó fi di àmì ọ̀làjú, ẹni tí kò lágbára rẹ̀ sì ń ra gbèsè. Ìdí kan nìyí tí Mojola Agbebi, ẹni tí ó bọ́ orúkọ David Brown Vincent sílẹ̀ ní 1894, fi kọ aṣọ òyìnbó tí ó sì ń wọ ti ìbílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1946, ìró àti bùbá ni ó ń wọ̀ láàárín wọn, kí ọ̀mọ̀wé àti ìyálọ́jà má baà yàtọ̀ lójú. Ní ọwọ́ rẹ̀, aṣọ tí apá gbogbo ènìyàn ká di ohun ìjà òṣèlú.

Ìtàn Orúkọ Òkìríkà

Àwọ̀kù òyìnbó kì í ṣe ohun tuntun ní etí òkun wa. Ní ọ̀rùndún kọkàndínlógún pàápàá, àwọn ẹ̀wù ológun tí òyìnbó ti wọ̀ kù wà lára ọjà tí wọ́n ń tà fún àwọn ọba àti ìjòyè. Ṣùgbọ́n ìdì ńlá-ńlá tí àwọn oníṣòwò ń pè ní bélì gbilẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Orúkọ Okrika, ìlú etí omi tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ni ó di orúkọ aṣọ náà, nítorí ibẹ̀ wà lára ibi tí ọjà náà ti ń wọlé. Nígbà tí ìjọba kéde ìfúnlẹ́sìn ọrọ̀-ajé ní 1982, tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé sì tẹ̀ lé e ní 1986, iye náírà wálẹ̀, owó oṣù kò sì tó rán aṣọ mọ́. Òkìríkà wá di aṣọ akọ̀wé, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Èdè tẹ̀ lé ìyípadà yìí. Àwọn kan pè é ní bẹ́ńdáàn-sẹ̀lẹ́ẹ̀tì, nítorí pé bíbẹ̀rẹ̀ ni a ń bẹ̀rẹ̀ ṣà á nílẹ̀. Àwọn mìíràn pè é ní bọ́síkọ́nà, orúkọ tí ìtìjú hàn nínú rẹ̀, bí ẹni pé kọ̀rọ̀ ni a ti ń rà á. Àwọn Àkán ní Gánà sọ ọ́ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé òyìnbó ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń pè é ní *thrift*, ìtìjú sì ti kúrò níbẹ̀. Aṣọ kan náà ni, ìdì kan náà ni. Orúkọ ni ó yí ojú tí a fi ń wò ó padà. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó jẹ àwa olùkọ́ èdè lógún: ìgbà tí a sọ ọ́ lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di oge lójú ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ èdè wa ti bu ọlá fún àkísà tipẹ́tipẹ́.

Ṣé Òkìríkà ni ó Pa Aṣọ Wa?

Àwọn kan gbà pé òkìríkà ni ó pa iṣẹ́ aṣọ nílẹ̀ yìí. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin kọ kíkó o wọlé, síbẹ̀ ó ń gba Kútọnu wọlé láìdáwọ́ dúró. Títì tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò sì fòpin sí i. Aṣọ tí a ti rán tán láti òkèèrè kò mú owó wá fún ahunṣọ, aláró tàbí telọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí a ti sọ bọ̀ kò jẹ́ kí á dá òkìríkà nìkan lẹ́bi. Tẹ́rú náà ti òkèèrè wá, ó sì bí àdìrẹ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi ọwọ́ kan tẹ́rú. Níbi tí ọwọ́ bá ti kan òkìríkà, òun náà ń di iṣẹ́ fún ni. Ẹ wo ọbíọ́mà, ránṣọránṣọ alárìnká tí ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká, tí ó ń fi sísà ṣe ariwo káàkiri àdúgbò. Òun ni ó ń fún ṣòkòtò tí ó fẹ̀ jù, tí ó ń gé èyí tí ó gùn jù, tí ó ń sọ ẹ̀wù bàbá di ti ọmọ. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun nínú òkìríkà, tí wọ́n ń di í, tí wọ́n sì ń pa á láró, tàbí tí wọ́n ń fi ègé àǹkárá tí telọ fẹ́ kó dànù lẹ ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ aláró àti iṣẹ́ aránkú ni wọ́n ń ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí a ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa díye lé, òkìríkà pàápàá ti ń gbówó lórí, nítorí pé owó òkèèrè ni a fi ń ra bélì. Rírà nìkan kò lè gba tálákà mọ́. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń tún aṣọ dá ni yóò lè rọ́jú.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé oge olówó pọ́ọ́kú ti wà láàárín wa láti ìgbà kíjìpá, àti pé ìmọ̀ tí ó gbé e dúró ni ìmọ̀ ìtúndá: ìtú, ìgé, ìlẹ̀pọ̀ àti ìpaláró. Ìmọ̀ yìí ní èdè tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oníko àti alábẹ́rẹ́, tí kò mọ̀ pé òfì ṣeé tú, kò lè túmọ̀ òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kíjìpá, kò sì ní mọ̀ pé ohun tí òun ń fi owó rà lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì, ogún bàbá àti ìyá òun ni. Iṣẹ́ wa ni láti kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ lẹ́nu àwọn aláró, ahunṣọ àti telọ tí wọ́n ṣì wà láyé, kí á sì fi wọ́n kọ́ni nínú yàrá ẹ̀kọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kú lẹ́nu, kì í pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi ń kú lọ́wọ́.