Eyín Irin Ìdí Ọkọ̀: Bí Ọkọ̀ Ńlá Ṣe Gba Ẹrù Lórí Wa

  Bí ẹ bá ń kà á fún ẹlòmíràn, ẹ rọra kà á.

Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn kan tó kan gbogbo ẹni tó ń kó iṣu, òwú, àgbàdo tàbí kajú lọ sí ọjà. Ìtàn ọkọ̀ ẹrù ni. Àmọ́ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni a fẹ́ sọ. A fẹ́ sọ ohun kan tó fara pamọ́ sí abẹ́ ọkọ̀, láàárín táyà ẹ̀yìn ọ̀tún àti ti òsì. Ó yọ ikùn bí ìkòkò. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, eyín irin ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa tó gbọ́ Faransé ń pè é ní pont.

Ẹ lè bi wá pé: kí ló kan àgbẹ̀ nínú eyín irin? Ó kàn án gidi. Owó wa wà níbẹ̀. Ẹ̀mí wa náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí orí ènìyàn ni ọkọ̀

Ní ayé àtijọ́, àwọn oníṣòwò Haúsá máa ń gba ilẹ̀ Borgou kọjá. Wọ́n á gba Djougou, wọ́n á lọ títí dé Salaga ní ilẹ̀ Gonja, tó wà ní Ghana lónìí. Obì ni wọ́n ń lọ rà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń ru ẹrù, ènìyàn náà ń ru ẹrù. Ẹni tó bá lágbára pàápàá kò lè ru ẹrù púpọ̀ bí ọ̀nà bá jìn.

Àwọn Faransé gba ilẹ̀ yìí ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Wọ́n ń gba owó orí. Wọ́n ń fi ipá mú ènìyàn ru ẹrù, wọ́n sì ń fi ipá mú wọn la ọ̀nà. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù ní ọdún 1914, wọ́n tún ń fi ipá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sójú ogun. Ní ọdún 1916, Bio Guera kó àwọn ará Borgou jọ, wọ́n dìde láti kọ ìyà yìí. Ó kú lójú ìjà ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Títí di òní, a kò gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ní ọdún 1916 kan náà. Ogun gbóná ní ìlú Verdun. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ àti ọta ìbọn lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ló ń rìn ín tọ̀sán tòru. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ni ilé iṣẹ́ Berliet ní ìlú Lyon ṣe. Lọ́dọ̀ tiwọn, irin ń ru ẹrù. Lọ́dọ̀ tiwa, orí ènìyàn ni wọ́n ṣì ń gbé e lé. Oṣù Kẹrin ọdún 1946 ni òfin Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé iṣẹ́ àfipáṣe ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn.

Ibi tí reluwé dúró sí

Ní ọdún 1900 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin reluwé láti Kútọnu. Ó dé Ṣábẹ̀ ní ọdún 1911. Ó gba Tchaourou kọjá, ó sì dé Pàràkú ní ọdún 1936. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 438 kìlómítà. Pàràkú ló dúró sí. Kò dé Niger títí di òní.

Ẹrù tó ń bọ̀ láti òkè kò dúró. Ní ọdún 1953, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Opération Hirondelle. Hirondelle ni orúkọ tí Faransé ń pe ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ń kó ẹ̀pà láti Niger wá sí Pàràkú. Níbẹ̀, wọ́n á kó ẹ̀pà sínú reluwé lọ sí Kútọnu. Bí ọkọ̀ bá ń padà, á kó epo, símẹ́ǹtì àti àwọn ẹrù mìíràn lọ sí Niger. Ní ọdún 1959, Dàhòmè àti Niger dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n jọ ni. OCDN ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń bójú tó reluwé àti ọ̀nà ẹrù yìí nígbà náà.

Báyìí ni Pàràkú ṣe di ìlú awakọ̀ àti mẹkáníìkì. Àwọn ọmọ wa lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ọkọ̀ méjì lè ní ẹ́ńjìnnì kan náà, kí ọ̀kan gun òkè pẹ̀lú ẹrù, kí èkejì dúró, kó máa rú èéfín. Eyín irin ìdí ọkọ̀ ló fa ìyàtọ̀ náà.

Láti orí ṣéènì dé orí eyín

Ẹ wo kẹ̀kẹ́ ológeere. Irin eléyín ńlá wà níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Irin eléyín kékeré wà ní táyà ẹ̀yìn. Ṣéènì so wọ́n pọ̀. Eyín ńlá ń yí eyín kékeré, nítorí náà kẹ̀kẹ́ ń sáré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé òkè, orúnkún á sọ fún yín pé ó le.

Ọkọ̀ Berliet tó lọ sí Verdun náà ní ṣéènì. Ṣéènì ńlá ló ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Àmọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti kẹ̀kẹ́: eyín kékeré ló ń yí eyín ńlá. Kò lè sáré, ṣùgbọ́n ó lágbára. Eruku àti ẹrọ̀fọ̀ máa ń jẹ ṣéènì náà, torí ìta ló wà. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kó eyín irin sínú àpótí tó ní òróró, wọ́n sì bò ó pa. Ohun tí à ń pè ní pont nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò. Ọ̀pá gígùn kan ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì wá. Eyín kékeré wà ní orí ọ̀pá náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ní eyín 8. Ó ń yí irin ńlá kan tó rí bí adé, tó ní eyín 40. Ẹ fi 8 pín 40: ó jẹ́ 5. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 5 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ ń pàdánù eré, ó ń jèrè agbára ní ìlọ́po 5.

Bí wọ́n bá fi 7 ṣe é dípò 5, ọkọ̀ á túbọ̀ lágbára, eré rẹ̀ á sì dín kù. Bí wọ́n bá fi 4 ṣe é, á sáré, ṣùgbọ́n ẹrù á borí rẹ̀. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yẹn bá ọkọ̀ ẹrù mu.

Ohun tí táyà ńlá ń ṣe

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn táyà ńlá, wọn kò sì jẹ̀bi. Táyà ńlá kì í tètè rì sínú iyanrìn tàbí ẹrọ̀fọ̀. Ó ń gbé ikùn ọkọ̀ kúrò lórí òkúta. Ní òpin ọdún 1959 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960, àwọn ọkọ̀ Berliet tí wọ́n ń pè ní Gazelle la aṣálẹ̀ Ténéré kọjá ní Niger. Táyà tó fẹ̀ ni wọ́n lò nínú iyanrìn náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọdún 1957, Berliet ti ṣe ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ T100 fún iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Sàhárà. Táyà rẹ̀ ga ju mítà 2 lọ. Ẹni tó bá dúró tì í, táyà á ga jù ú lọ.

Àmọ́ àwọn tó ṣe ọkọ̀ wọ̀nyẹn fi eyín irin tó bá táyà mu sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ewu wà níbi tí a bá ra ọkọ̀ àlòkù, tí a yọ táyà rẹ̀, tí a fi èyí tó ga sí i, tí a kò fọwọ́ kan eyín.

Ẹ gbé korobá omi kan, kí ẹ ká apá mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ẹ na apá síwájú gbọọrọ. Korobá kan náà ni, omi kan náà ni, ṣùgbọ́n apá á tètè ro yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà gíga rí fún ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀ ti jìnnà sí àárín táyà, nítorí náà agbára tó ń dé ilẹ̀ dín kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ra ọkọ̀. Táyà rẹ̀ ga ní mítà 1. Eyín ìdí rẹ̀ jẹ́ 5. Wọ́n fi táyà tó ga ní mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 20 sí i. Agbára tó ń dé ilẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé eyín náà kì í ṣe 5 mọ́, pé ó ti di 4 àti díẹ̀. Bí a bá pín agbára àtijọ́ sí ọ̀nà 6, ọ̀kan ti sọnù. Wọ́n wá so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ìdí ọkọ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní remorque. Wọ́n kó òwú kún un. Ní òkè àkọ́kọ́, awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ òsì ṣeré lórí kílọ́ọ̀ṣì, òórùn jíjóná ń jáde. Kí oṣù tó pé, owó òwú ti di owó kílọ́ọ̀ṣì.

Kí ni kí wọ́n ṣe? Ẹ fi 1 àti 20 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn 1,2, sọ 5 di púpọ̀: ó jẹ́ 6. Eyín ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ di 6. Bí eyín kékeré bá jẹ́ 8, eyín ńlá gbọ́dọ̀ jẹ́ 48. Bẹ́ẹ̀ ni agbára àtijọ́ ṣe ń padà. Bí ẹrù tí ẹ fẹ́ fà bá wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ lè lọ díẹ̀ kọjá 6. Ẹ má ṣe lọ jìnnà jù. Bí eyín bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa ké lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, á sì máa mu epo lásán.

Aago ọkọ̀ tó ń purọ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló kù báyìí. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, aago tó ń sọ eré ń ka ìyípo ọ̀pá tó wà ṣáájú eyín ìdí. Kò rí táyà. Nínú ọkọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa, bí ọ̀pá bá yí ní ìgbà 2.000 ní ìṣẹ́jú kan, aago á kọ kìlómítà 75 ní wákàtí kan. Pẹ̀lú táyà gíga àti eyín 5, kìlómítà 90 ni ọkọ̀ ń sá. Awakọ̀ rò pé òun rọra ń lọ. Àwọn ọmọ ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí eyín bá di 6, aago á tún máa sọ òótọ́.

Bíréèkì ńkọ́? Bíréèkì wà ní àárín táyà. Bí táyà bá ga, ilẹ̀ jìnnà sí bíréèkì náà. Nínú agbára 6 tó fi ń dá ọkọ̀ dúró, 5 péré ló kù. Ẹ fi etí sí èyí dáadáa: ẹ pààrọ̀ eyín irin títí, bíréèkì kò ní padà sí bó ṣe wà. Nítorí náà, ẹ dín ẹrù kù, kí remorque náà ní bíréèkì tirẹ̀, kí awakọ̀ sì ti wà nínú gíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ òkè.

Bí ọkọ̀ bá ń fi táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn wa ara rẹ̀, eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ara wọn dọ́gba. Táyà náà gbọ́dọ̀ ga bákan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á máa bá ara wọn jà títí irin á fi fọ́.

Bí ẹ ó ṣe ka eyín

Ẹ kò ní láti tú ọkọ̀ kí ẹ tó mọ iye rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, ẹ mú mẹkáníìkì tí ẹ fọkàn tán lọ. Kí ó fi òkúta tàbí igi dí táyà iwájú. Kí ó gbé ìdí ọkọ̀ sókè, kí ó fi ohun tó lágbára tì í, kó má baà já lu ènìyàn. Kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó yọ gíà. Kí ó fi ẹfun sàmì sí táyà, kí ó sì sàmì sí ọ̀pá gígùn. Kí ó fi ọwọ́ yí ọ̀pá náà títí táyà méjèèjì yóò fi yí lẹ́ẹ̀kan gééré. Iye ìgbà tí ọ̀pá yí ni iye eyín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ wọn gíga táyà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹni tó ń tajà kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan tàn yín mọ́.

Àwọn bàbá ńlá wa kò ní àǹfààní láti yan ẹrù tí wọ́n ń rù. Wọ́n ń gbé e lé wọn lórí ni. Lónìí, irin ń rù ú fún wa. Ó ku kí a mọ ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ irin náà.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Ọdún wo ni reluwé dé Pàràkú? Kí ló ń gbé ẹ̀pà Niger dé ibẹ̀?
2. Eyín kékeré jẹ́ 7, eyín ńlá jẹ́ 42. Ìgbà mélòó ni ọ̀pá yóò yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan?
3. Bí a bá pààrọ̀ eyín nítorí táyà ńlá, kí ni kò ní padà sí bó ṣe wà? Kí ni a ó ṣe sí i?