Ilé Sinimá àti Àwọn Òǹwòran Rẹ̀ ní Mùṣín

Yorùbá jẹ́ ẹ̀yà tí ó fẹ́ràn ìran. Kí sinimá tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn eégún alárìnjó ti ń ṣeré láti ìlú dé ìlú. Àwọn òǹwòran a pagbo yí wọn ká, wọn a gbe orin, wọn a fún òṣèré lówó, wọn a sì bú ẹni tí ó bá hùwà ìkà nínú eré. Irú àwọn òǹwòran báyìí ni sinimá bá nílẹ̀. Ìtàn ilé sinimá ní Mùṣín sì jẹ́ ìtàn bí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìran àjèjì, bí ìran tiwọn ti dé bá wọn níkẹyìn, àti bí ibi ìwòran náà ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ láìpẹ́ lẹ́yìn náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Èkó, nínú Gbọ̀ngàn Glover. Ilé-iṣẹ́ Balboa láti Barcelona, ní ilẹ̀ Spéènì, ni ó gbé e wá. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣòwò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Lẹ́bánónì, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé sinimá. Díẹ̀díẹ̀ ni ó sọdá ọ̀sà láti Erékùṣù Èkó, títí tí Casino fi wà ní Yábàá, tí Jebako wà ní Ìdí-Òro ní Mùṣín, tí Pen àti Danjuma sì wà ní Agége.

Mùṣín gba sinimá tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ní ìdí. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ibẹ̀ látilẹ̀wá, ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 sì gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945, àwọn ará Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń wá iṣẹ́ wá sí Èkó ya wọ Mùṣín. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé, nínú ilé tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti ibi iṣẹ́ dé kò ní ibi tí yóò nasẹ̀ sí. Ilé sinimá fún un ní àga, ó fún un ní ìran, ó sì fún un ní ẹgbẹ́.

Ilé náà kì í dákẹ́. Àwọn elépà àti oníguguru a tẹ́ igbá sí ẹnu ọ̀nà. Nínú òkùnkùn, ẹni tí ó ti wo fíìmù náà rí a máa sọ ohun tí ń bọ̀ fún àwọn tí ó jókòó tì í. Bí ọ̀tá bá yọ lẹ́yìn akọni, igba ohùn a kígbe kìlọ̀ fún un. Bí fíìmù bá já, èébú a bo ẹni tí ń yí ẹ̀rọ títí iná yóò fi tún tàn. Akọni eré ni wọ́n ń pè ní ákítọ̀, ìgbàgbọ́ gbogbo wọn sì ni pé ákítọ̀ kì í kú. Bí ó bá kú, wọn a ní a jẹ owó àwọn gbé.

Ìfẹ́ wọn ń yí padà bí ọdún ti ń yí. Eré àwọn kábọ́ọ̀yì Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ti Íńdíà tẹ̀ lé e. Bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ èdè náà, wọ́n mọ omijé ìyá, ìkà ẹbí àti orin ìfẹ́ nígbà tí wọ́n bá rí i. Ní ọdún 1970 sí 1980 ni ìjà àwọn ará Ṣáínà láti Hong Kong gba ìgboro, tí orúkọ Bruce Lee, tí ó kú ní 1973, wà lẹ́nu ọmọdé. Ṣùgbọ́n ojú ọlọ́jú kò jọ ojú ẹni. Ìṣe nìkan ni wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré kò wọ̀ wọ́n létí.

Òfin ọdún 1972 sọ ilé sinimá di òwò tí ọmọ Nàìjíríà nìkan lè ṣe, ṣùgbọ́n fíìmù àjèjì ṣì ni wọ́n ń fi hàn. Ní 1976 ni Ọlá Balógun àti Adé Fọláyan, tí a mọ̀ sí Adé Love, gbé Àjàní Ògún jáde ní èdè Yorùbá. Ìjà Òmìnira, tí a mú láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, jáde ní 1979. Hubert Ògúńdé sọ eré orí ìtàgé rẹ̀, Aiyé, di fíìmù. Móṣè Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn òṣèré wọ̀nyí fúnra wọn ni ó ń gbé fíìmù wọn kiri ìlú, gẹ́gẹ́ bí alárìnjó. Ìyá àti bàbá àgbà tí kò bìkítà fún kábọ́ọ̀yì wá fẹsẹ̀ ara wọn wọ ilé sinimá, nítorí wọ́n gbọ́ ọfọ̀, wọ́n gbọ́ òwe, wọ́n sì mọ orin tí wọn yóò gbè.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Òkè òkun ni a ti ń fọ fíìmù, nígbà tí iye náírà sì wó lulẹ̀ láti 1986, owó rẹ̀ kọjá agbára òṣèré. Àwọn olè da Ọ̀run Móoru sórí fídíò, wọ́n ń tà á, gbèsè sì wọ Bàbá Sàlá lọ́rùn. Ìbẹ̀rù àwọn adigunjalè lé àwọn ènìyàn kúrò níta lálẹ́. Lẹ́yìn náà ni fídíò wọ ilé: Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ní 1989, Living in Bondage ní 1992, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn. Ọ̀pọ̀ ilé sinimá Èkó di ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn di ilé ìkẹ́rù.

Láti 2004 ni ilé sinimá ìgbàlódé ti tún ń dìde, ní Victoria Island lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Yábàá àti Sùúrùlérè, tí ó múlé gbe Mùṣín. Ní 2022 fíìmù Yorùbá Àgẹ̀ṣìnkólé pa owó tí ó lé ní 300 mílíọ̀nù náírà nínú wọn. Èyí fi hàn pé ìfẹ́ ìtàn tiwa kò kú. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ti wọ́n ju agbára alágbàṣe lọ, wọ́n sì ń bẹ òǹwòran pé kí ó dákẹ́. Ẹni tí ń wo fíìmù nínú yàrá rẹ̀ ní Mùṣín lónìí rí ìran ju bàbá rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nínú rẹ̀. Àwọn igba ohùn tí í máa bá ni kìlọ̀ fún ákítọ̀ ni kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.