Àtúnṣe Òru Kan ní Atlanta

Bí a bá dárúkọ Delta ní Atlanta níbí, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ni. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ènìyàn wa láti ìlú yìí lọ sí Èkó tààrà ní ọdún 2007. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní oṣù Keje, ọdún 2024, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Kì í ṣe ìjì, kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì. Ilé-iṣẹ́ CrowdStrike, tí ó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà nítorí àwọn olè, fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ó ń lo Windows lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọjọ́ 19, bí agogo 12 òru ti kọjá díẹ̀. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó bá gbà á a kú, a jí, a tún kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 78 péré ni wọ́n fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Microsoft ṣírò pé kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ti kó o, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì ní láti fi ọwọ́ tún ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Delta fagi lé ìrìn àjò bíi 7,000 láàárín ọjọ́ 5. Ọkọ̀ wà, awakọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ń sọ ẹni tí yóò wa èwo ti dojú rú. Àwọn èrò sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pápá Hartsfield-Jackson bí ẹni tí ó wá ṣe àìsùn.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ọkọ̀ òfúrufú. Iṣẹ́ ìwádìí wa ni a ní. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, ọdún 2018, Microsoft gbé àtúnṣe ńlá Windows 10 jáde. Àwọn kan tí wọ́n sáré gbà á wá ìwé àti àwòrán wọn tì. (Èyí tí ó dùn wá níbẹ̀ ni pé àwọn kan tí ó dán an wò ti ké gbàjarè ṣáájú, a kò gbọ́ wọn.) Wọ́n dá a dúró láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ni ó tún jáde. Ẹni tí ó ní sùúrù kò sọ nǹkan kan nù.

Ṣùgbọ́n ihò tí WannaCry gbà wọlé, Microsoft ti dí i láti oṣù Kẹta, ọdún 2017. Àwọn tí kò tíì gba àtúnṣe náà ní oṣù Karùn-ún ni ó kó sí wàhálà, títí kan àwọn ilé ìwòsàn ní Britain.

Ti Delta ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ó pe CrowdStrike lẹ́jọ́ ní Fulton County níbí. Ó ní òun pàdánù ju 500 mílíọ̀nù dọ́là lọ, àti pé òun kò fi àyè gba àtúnṣe tí ń dá wọlé fúnra rẹ̀, síbẹ̀ èyí wọlé. CrowdStrike ní ẹ̀rọ àtijọ́ tí Delta ń lò ni kò jẹ́ kí ó tètè dìde.