Iná Mànàmáná àti Ìtọ́jú Ọpọlọ ní Àró

Àwọn apẹja wa mọ òjìjí, ẹja tí í gbọn ọwọ́ ẹni jìgìjìgì. Irú agbára bẹ́ẹ̀ ni Cerletti àti Bini fi wo aláìsàn ọpọlọ ní Róòmù ní 1938: wọ́n fi iná mànàmáná gba orí rẹ̀ kọjá. Ìtọ́jú náà dé Àró, ní Abẹ́òkúta. Níbẹ̀, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo fi ohun tí ẹ̀rọ kò ní kún un: ìbátan ní láti bá aláìsàn wá, kí wọ́n jọ máa gbé abúlé ìtòsí, kí ó máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Iná lè mú ọpọlọ bọ̀ sípò. Ẹbí ni í mú ènìyàn padà sílé. Bí ará ilé bá ṣì ń sá fún ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, ìwòsàn kò tíì parí.