Gbèsè tí Ọkọ Laura Kò Sọ

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ni a mú wá fún yín.

Ní ọdún 1885, Laura Ingalls fẹ́ Almanzo Wilder ní àgbègbè Dakota. Ọmọ ọdún 18 ni Laura. Ọkọ fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Àwọn ẹ̀yà Dakota ni ó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìjọba wá ń pín in fún àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé síbẹ̀, tí ó sì ro oko níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ilẹ̀ di tirẹ̀. Ó tó ẹ́kítà 64. Ta ni ó lè fi ọkọ́ ro ìyẹn tán? Wọ́n ra ẹ̀rọ oko ní àwìn.

Laura kò fẹ́ kí ọkọ òun jẹ́ àgbẹ̀. Nínú ìwé tí ó kọ, ó ní iṣẹ́ oko ń pa obìnrin lára, owó kò sì sí níbẹ̀. Almanzo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní ọdún mẹ́ta.

Ní 1886, àlìkámà wọn yọrí dáadáa. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n kórè ni yìnyín bọ́, ó lu gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Laura ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé gbèsè dọ́là 500 wà lórí ilé tí wọ́n ń gbé. Ọkọ kò sọ fún un rí. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju yìnyín lọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní 1888, àrùn ọ̀nà ọ̀fun mú àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ Almanzo kò gbádùn mọ́. Ní 1889, ọmọkùnrin wọn kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ní oṣù kan náà, ilé jóná. Ọ̀dá sì dá.

Laura bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ fún ẹlòmíràn, dọ́là 1 lóòjọ́. Ní 1894, àwọn àti Rose ọmọ wọn wọ ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà, wọ́n lọ sí Missouri. Dọ́là 100 ni wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí ìkọ̀wé. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò rí owó náà mọ́! Ó ti há sínú àlàfo pákó. Òun ni wọ́n fi gba oko tuntun. Wọ́n gbin igi eléso, Laura sin adìẹ.

Almanzo kú ní 1949, ọdún 64 lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn. Laura kú ní 1957. Ó ti tẹ ìwé púpọ̀ láti 1932, ṣùgbọ́n èyí tí ó sọ ti gbèsè náà kò jáde nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 1971 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.