Alágbàsọ Orí Afẹ́fẹ́, láti Mápó dé Agbowó

Ní ọdún 1939 ni rédíò alokùn dé Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tó dé Èkó. Àpótí kékeré tí wọ́n ń kọ́ sára ògiri ni, wáyà ló so ó mọ́ ilé-iṣẹ́. Onílé lè gbé ohùn sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àmọ́ kò sí pé ó ń wá ìkànnì kiri. Ilé-iṣẹ́ ló ń fi ẹ̀rọ ńlá gba ohùn Lọ́ńdọ̀nù lójú òfuurufú, tó ń tún un sọ sínú wáyà. Ọ̀rọ̀ ń dé ketekete, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá bù fúnni nìkan lèèyàn ń gbọ́. Mo ka àpótí yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn alágbàsọ, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ tó sì ń tún un sọ, ní ìlú náà, torí òun ló gbé ìbéèrè náà wá: ṣé kí ọ̀rọ̀ dé láìkùnà ni, àbí kó pọ̀ kó sì yá?

Nígbà tí WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, òpó kan kò tó o. Ẹ̀rọ kan wà lórí òkè Mápó ní Ìbàdàn, èkejì wà ní Abafon lẹ́bàá Ìkòròdú.

Àwọn onímọ̀ náà wá yẹ ọ̀rọ̀ alágbàsọ wò. Ní 1971, Edward van der Meulen fi ìṣirò gbé e kalẹ̀; Thomas Cover àti Abbas El Gamal tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ ní 1979. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Agbowó, ní Ìbàdàn, ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Bódìjà, tí ilé alájà mẹ́ta sì ń ṣe ìdíwọ́ díẹ̀. Fóònù kan lójú fèrèsé gbọ́ ọ yékéyéké, ó tún un sọ. Bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ti tààrà àti ti alágbàsọ, bá ń kùnà lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́wàá, tí ìkùnà ọ̀kan kò kan èkejì, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni méjèèjì á jọ kùnà. Èrè ńlá nìyẹn, àmọ́ owó rẹ̀ ń bẹ. Alágbàsọ tó ń sọ̀rọ̀ kì í gbọ́ ti ẹlòmíì lórí ìkànnì kan náà, ohùn tirẹ̀ á bo etí rẹ̀. Ohun tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú àáyá kan á wá gba méjì.

Ní 2003, Lizhong Zheng àti David Tse fi hàn, lórí ẹ̀rọ tó ní áńtẹ́nà púpọ̀, pé ohun tí a bá fi kún ìyára, ara ìdánilójú la ti ń yọ ọ́. Lọ́dún kejì, Nicholas Laneman, Tse àti Gregory Wornell mú ọgbọ́n kan wá tó wù mí gan-an: kí alágbàsọ dákẹ́, àfi bí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ bá ní òun kò gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jà Bódìjà nìyẹn. Ìyálọ́jà á ké iye owó láti ẹ̀yìn àpò ẹ̀wà, bí oníbàárà bá dẹtí ni aládùúgbò rẹ̀ á tó bá a tún un sọ.

Òjò tiwa náà ní ipò nínú ìtàn yìí. Ní 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gabriel Àjàyí àti R. L. Olsen fi òjò tí wọ́n wọ̀n ní Ilé-Ifẹ̀ ṣàlàyé bí ẹ̀kán òjò ilẹ̀ olóoru ṣe tóbi sí, torí òjò ń gbé ìgbì rédíò mì lórí ìkànnì gíga. Bí òjò bá ṣú bo àdúgbò Challenge ní Ìbàdàn lónìí, àwo orí òpó tó bá mọ òjò á rọra sọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kí ọ̀rọ̀ má baà já. Bí òjò bá dá, á tún yára.